Ta ni yóò ka dátà náà? Ìjíròrò lórí ìpamọ́ dátà fún ìwádìí físíìsì

ÌBÉÈRÈ ÒǸKÀWÉ

Ẹ̀yin àgbà nídìí iṣẹ́ yìí, akẹ́kọ̀ọ́ físíìsì ni mí nílùú Ìbàdàn. Èmi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń to ẹ̀rọ kan tí yóò máa ka muon, ìyẹn àwọn èérún wẹ́wẹ́ tó ń ti òfúrufú rọ̀ sílẹ̀ tọ̀sán-tòru. Àwo rẹ̀ fẹ̀ tó mítà kan níbùú, mítà kan lóròó. Owó tí wọ́n fọwọ́ sí fún wa kò pọ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá wa ní kí a fi gbogbo owó ìpamọ́ dátà ra SSD (dísìkì tí kò ní ohun tó ń yí nínú rẹ̀) tó yára jù lọ, ó ní ohun tí wọ́n ń lò ní CERN, ilé ìwádìí físíìsì ńlá ti Yúróòpù, nìyẹn. Ọ̀gá kejì ní kí a ra háàdì dísìkì ńlá olówó pọ́ọ́kú méjì, kí a má da ara wa láàmú. Ta ni kí a gbọ́ tirẹ̀? Kí ló tún dé tí CERN, pẹ̀lú gbogbo ohun tí wọ́n ní, fi ń da èyí tó pọ̀ jù nínú dátà wọn nù?

* * *

Ìbéèrè kan wà tó ṣíwájú èyí tí àwọn ọ̀gá méjèèjì ń dáhùn. Kí ẹnikẹ́ni tó dárúkọ dísìkì, ó yẹ kí ó mọ ẹni tí yóò ka dátà náà, iye ìgbà tí yóò kà á, àti apá tí yóò kà nínú rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń tọ́jú sẹ́fà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń pa dátà mọ́ fún ọ̀pọ̀ èèyàn, fún àwọn olùwádìí nílùú yìí, ohun tí mo sì ń rí ni pé wọ́n máa ń ṣírò bí dátà yóò ṣe wọlé dáadáa, ṣùgbọ́n ó ṣọ̀wọ́n kí wọ́n ṣírò bí yóò ṣe jáde.

Àbúrò mi, jẹ́ ká ṣírò tìrẹ. Ní ibi tí ilẹ̀ kò bá ga púpọ̀ ju ojú òkun lọ, bíi tiwa níbí, nǹkan bíi muon kan ló máa ń kọjá lórí sẹ̀ǹtímítà kan níbùú-lóròó ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Àwo yín gba 10,000 irú sẹ̀ǹtímítà bẹ́ẹ̀, nítorí náà 10,000 muon ni yóò gba inú rẹ̀ kọjá ní ìṣẹ́jú kan, ìyẹn bíi 170 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ká ní wáyà mẹ́rin ló ń gbé àmì jáde nínú ẹ̀rọ náà, tí ẹ ń wọn àmì orí wáyà kọ̀ọ̀kan nígbà 1,024, tí ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan sì gba báìtì méjì, muon kan yóò gba nǹkan bíi 8 KB. Bí o bá sọ ọ́ di púpọ̀, yóò jẹ́ 1.4 MB ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, bíi 118 GB lójúmọ́, bíi 43 TB lọ́dún (1 TB jẹ́ 1,000 GB).

Háàdì dísìkì lásán tí wọ́n ń tà ní Dùgbẹ̀ lè kọ nǹkan bíi 200 MB sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, bí iṣẹ́ náà bá ń lọ tààrà láìfò káàkiri. 1.4 MB kò ní rẹ̀ ẹ́ rárá. Nítorí náà, ní ti kíkọ sílẹ̀, ìmọ̀ràn SSD kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn kejì náà kò tíì pé. Nígbà tí ọdún bá yípo, ẹnì kan nínú yín yóò fẹ́ mọ bí iye muon ṣe ń dín kù nígbà tí ìfúnpá afẹ́fẹ́ bá ga. Yóò ní láti ka dátà ọdún kan gbáko. Kíka 43 TB, ní 200 MB ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, yóò gbà tó 60 wákàtí, ọjọ́ méjì àbọ̀ láìdúró, láìjẹ́ pé iná lọ. Bí ó bá rí i lẹ́yìn náà pé ó yẹ kí òun yí ìlà kan padà nínú ìṣirò òun, ọjọ́ méjì àbọ̀ mìíràn tún nìyẹn. Bẹ́ẹ̀, ohun tó ń wá kò ju àkókò tí muon kọ̀ọ̀kan dé àti bí àmì rẹ̀ ṣe ga tó. Bí ẹ bá ti kó ìwọ̀nyí sọ́tọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí a fún muon kọ̀ọ̀kan ní báìtì 32, gbogbo ọdún náà kò ní ju 170 GB lọ, dísìkì yẹn kan náà yóò sì kà á tán láàárín ìṣẹ́jú 14.

Ẹ wo ìyàtọ̀ 60 wákàtí sí ìṣẹ́jú 14, láìra ohunkóhun kún un. Ibi tí ìyára ti ń wá nìyẹn, kò sì sí oníṣòwò tó lè tà á fún yín.

* * *

Olùkọ́ kan fèsì pé ìmọ̀ràn mi léwu, pé dída àmì tí ẹ̀rọ gbà nù dà bíi kí èèyàn fa ojú ìwé ya nínú àkọsílẹ̀ ìwádìí. Ọ̀pọ̀ ló gbè é lẹ́yìn. Mo gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ, mo sì gbà pé ẹni tó bá da àmì kíkún nù ní ọjọ́ kìíní kò ní mọ̀ bóyá ẹ̀rọ rẹ̀ ń ṣe ségesège. Ṣùgbọ́n kì í ṣe kíkó gbogbo rẹ̀ pamọ́ títí ayé ni ìdáhùn.

Ohun tí mo rò pé ó tọ́ ni pé kí ẹ tọ́jú àmì kíkún ti ọgbọ̀n ọjọ́ tó kẹ́yìn, èyí tó jẹ́ nǹkan bíi 3.5 TB. Nínú èyí tó bá ti kọjá ọgbọ̀n ọjọ́, kí ẹ fi ẹyọ kan nínú ọgọ́rùn-ún sílẹ̀ títí láé, pẹ̀lú gbogbo èyí tí ìrísí rẹ̀ bá yàtọ̀ sí ti ẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹyọ kan nínú ọgọ́rùn-ún 43 TB jẹ́ 430 GB lọ́dún. Ẹ fi 170 GB kún un, àpapọ̀ ọdún kìíní kò tó 4.5 TB. Kí ẹ sì kọ òfin tí ẹ fi ṣe àṣàyàn náà sínú fáìlì kan náà pẹ̀lú dátà, pẹ̀lú déètì ọjọ́ tí ẹ yí i padà, nítorí pé ẹni tó bá ń ka iye muon láìmọ̀ pé ẹyọ kan nínú ọgọ́rùn-ún ló kù yóò gba èsì tí kò jẹ́ òótọ́.

Èmi kọ́ ni mo dá èyí sílẹ̀. Ní CERN pàápàá, àwọn ìṣẹ̀lẹ̀ tó wọ́pọ̀ gan-an ni wọ́n máa ń mú ẹyọ kan nínú iye kan pàtó, prescale ni wọ́n ń pè é, wọ́n sì ń kọ iye náà mọ́ dátà kí ìṣirò má bàa dà rú.

* * *

Lórí CERN, ẹnì kan kọ̀wé láti Mókọ́lá pé ìnákúnàá ni, pé bí wọ́n bá lówó tó láti wa ihò tó gùn tó kìlómítà 27 sábẹ́ ilẹ̀, kí ló dé tí wọn kò lè ra dísìkì kún un.

Ẹ jẹ́ kí iye rẹ̀ sọ̀rọ̀. Nínú LHC, ẹ̀rọ inú ihò yẹn tó ń mú èérún sáré kí wọ́n lè kọlu ara wọn, ìdìpọ̀ prótọ́ọ̀nù ń pàdé ara wọn nígbà tó tó mílíọ̀nù 40 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ohun tí ẹ̀rọ ńlá bíi ATLAS tàbí CMS ń rí nínú ìpàdé kan tó nǹkan bíi 1 MB. Bí wọ́n bá fẹ́ kó gbogbo rẹ̀, 40 TB ni ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, láti ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ kan ṣoṣo. Ní ọdún 2023, àpapọ̀ dísìkì tí CERN ń lò kọjá ẹ́ksábáìtì kan, ìyẹn mílíọ̀nù kan TB. 40 TB ní ìṣẹ́jú-àáyá kan yóò kún gbogbo rẹ̀ bámúbámú láàárín wákàtí méje. Kí ni wọn yóò wá ṣe ní wákàtí kẹjọ?

Ìdí tí wọ́n fi ní trigger nìyẹn, ètò tó ń yan ìkọlura tí wọn yóò tọ́jú. Ìpele kìíní jẹ́ ẹ̀rọ oníná tí wọ́n kọ́ fún iṣẹ́ yẹn nìkan, ó sì ń pinnu kí ìdá kan nínú 100,000 ìṣẹ́jú-àáyá kan tó pé, ó ń dín mílíọ̀nù 40 kù sí nǹkan bíi 100,000. Lẹ́yìn náà ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ kọ̀ǹpútà yóò yẹ ìyẹn wò dáadáa. Nínú ìpele iṣẹ́ tí LHC ṣe láti 2015 sí 2018, nǹkan bíi 1,000 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ló ń kù tí wọ́n ń kọ sílẹ̀. 1,000 ní 1 MB jẹ́ 1 GB ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, èyí tí dísìkì àti nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè gbé. Èérún Higgs boson tí wọ́n kéde rẹ̀ ní ọjọ́ kẹrin oṣù keje ọdún 2012 kì í yọjú ju bí ẹ̀ẹ̀kan lọ nínú ìkọlura bílíọ̀nù kan. Èyí tó pọ̀ jù nínú ìkọlura tó kù jẹ́ ohun tí físíìsì ti mọ̀ tipẹ́.

Àríyànjiyàn tòótọ́ wà níbẹ̀ ṣá o, àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ náà gan-an ló sì ń jà á. Láti 2022, àwọn ẹgbẹ́ LHCb, ẹ̀rọ mìíràn ní LHC, ti yọ ìpele ẹ̀rọ oníná yẹn kúrò pátápátá, wọ́n ń kó ohun gbogbo wọ inú kọ̀ǹpútà, GPU (ẹ̀rọ ìṣirò tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe fún àwòrán) ló sì ń ṣe àṣàyàn àkọ́kọ́. ALICE, ẹ̀rọ mìíràn níbẹ̀ tó ń wo ìkọlura òjé pẹ̀lú òjé, ti jáwọ́ nínú dídúró de àmì trigger kí ó tó ka ẹ̀rọ rẹ̀, kíkà náà ń lọ geerege ni. Ohun tó ń jáde níbẹ̀ tó 3.5 TB ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, wọ́n sì ń fún un pọ̀ kí ó tó dé orí dísìkì ní nǹkan bíi 100 GB ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Dátà náà yóò dúró lórí dísìkì, wọn yóò tún un yẹ̀ wò nígbà tí wọ́n bá ti mọ ìwọ̀n tó tọ́ fún ẹ̀rọ wọn, wọn yóò sì tún un fún pọ̀. Níbí yìí, ìpamọ́ dátà ti di apá kan ẹ̀rọ ìwádìí fúnra rẹ̀. Bí dísìkì bá lọ́ra, ẹ̀rọ tó wà nísàlẹ̀ ilẹ̀ yóò dúró.

* * *

"Ṣé SSD kọ́ ni CERN ń lò ni?" Àbúrò wa tún béèrè.

Háàdì dísìkì ló pọ̀ jù níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n kéde ẹ́ksábáìtì kan yẹn, wọ́n ka ẹ̀rọ ìpamọ́ bíi 111,000, wọ́n sì sọ pé háàdì dísìkì ló pọ̀ jù nínú wọn, pẹ̀lú SSD tó ń pọ̀ sí i. Àpapọ̀ wọn lè ka TB kan jáde ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ìyára yẹn wá láti inú pé ẹgbẹẹgbẹ̀rún dísìkì tí ẹyọ kọ̀ọ̀kan wọn kò yára ń ṣiṣẹ́ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, tí EOS, ètò tí wọ́n fi ń ṣàkóso wọn, sì mọ ibi tí fáìlì kọ̀ọ̀kan wà láìjẹ́ kí iṣẹ́ kó jọ sójú kan.

Lẹ́yìn dísìkì, téèpù ni. Àwọn kan rẹ́rìn-ín nígbà tí mo dárúkọ téèpù, wọ́n ní ohun àtijọ́ ni. Téèpù LTO-9 kan ń gba 18 TB, ó sì lè kọ 400 MB ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ìyẹn yára ju háàdì dísìkì lọ. Bí ó bá wà lórí pẹpẹ, kò jẹ iná kankan. Ìṣòro rẹ̀ ni pé bí ẹ bá fẹ́ fáìlì kan láti àárín rẹ̀, apá ẹ̀rọ yóò kọ́kọ́ lọ mú un, yóò fi í sẹ́nu ẹ̀rọ tó ń kà á, téèpù yóò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ máa yí lọ síbi tí fáìlì wà. Èyí lè gba ìṣẹ́jú kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí báìtì àkọ́kọ́ tó jáde. Nítorí náà, ẹni tó bá ń ṣètò téèpù gbọ́dọ̀ to àwọn ìbéèrè jọ, kí fáìlì tó wà lórí téèpù kan náà jáde papọ̀. Ètò tí CERN ń lò fún èyí lónìí ni CTA, èyí tó rọ́pò CASTOR.

Fún yàrá ìwádìí tí dátà rẹ̀ kò tó 5 TB, ẹ má rà á. Owó ẹ̀rọ tó ń ka téèpù nìkan yóò jẹ gbogbo owó yín. Ó di ìgbà tí dátà bá di ọgọ́rọ̀ọ̀rún TB kí a tó máa sọ̀rọ̀ rẹ̀.

* * *

Ohun kan wà tó ń ba iṣẹ́ jẹ́ nílùú yìí ju dísìkì tó lọ́ra lọ, òun náà ni fáìlì kéékèèké.

Olùwádìí kan pè mí pé sẹ́fà òun ti kú. Mo débẹ̀, sẹ́fà ń ṣiṣẹ́. Mo tẹ àṣẹ pé kí ó to orúkọ fáìlì inú fódà kan fún mi, ojú ẹ̀rọ ṣófo, kò sọ nǹkan kan. Iná pupa iwájú dísìkì ń ṣẹ́jú láìsinmi, mo sì ń gbọ́ apá inú dísìkì tó ń ta kẹ́ẹ́kẹ́ẹ́. Nígbà tí mo wo iṣẹ́ tí kọ̀ǹpútà ń ṣe, ọpọlọ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má ṣe nǹkan kan, dídúró ló ń dúró de dísìkì. Ẹni tó kọ ètò ìwádìí náà ti jẹ́ kí ìṣẹ̀lẹ̀ kọ̀ọ̀kan di fáìlì tirẹ̀.

Ẹ wo bí èyí yóò ṣe rí fún ẹ̀rọ muon yín. 170 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan jẹ́ fáìlì tó lé ní mílíọ̀nù 14 lójúmọ́. Háàdì dísìkì kò lè fò láti ibì kan sí ibòmíràn ju bíi ọgọ́rùn-ún ìgbà lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ṣíṣí fáìlì ọjọ́ kan nìkan, kí a tó ka báìtì kan nínú rẹ̀, yóò gbà tó 40 wákàtí. Dátà ń dé lójúmọ́, kíkà rẹ̀ ń gba ọjọ́ kan àti ààbọ̀ ó lé. Kò sí bí yóò ṣe bá a láé.

Ní ti olùwádìí yẹn, a kó àwọn fáìlì náà jọ sínú àwọn fáìlì ńlá tí ìkọ̀ọ̀kan tó 1 GB, iṣẹ́ tí kì í parí tẹ́lẹ̀ sì ń parí kí wọ́n tó jẹun ọ̀sán, lórí dísìkì kan náà.

Ẹnì kan sọ pé SSD ìbá ti tán ìṣòro yẹn. Yóò dín in kù lóòótọ́, nítorí pé SSD kò ní apá tó ń fò. Ṣùgbọ́n ètò fáìlì fúnra rẹ̀ ṣì ní láti kọ orúkọ, déètì, àṣẹ àti ibùgbé fáìlì mílíọ̀nù 14 sílẹ̀ lójúmọ́, ẹ̀dà ìpamọ́ yín yóò sì máa kà wọ́n ní ẹyọ ẹyọ bó bá ń lọ. Ẹ tún bí wọ́n ṣe ń kọ fáìlì náà ṣe kí ẹ tó ná owó.

Bí fáìlì ṣe rí nínú tún ṣe pàtàkì. Láti 1995 tí Rene Brun àti Fons Rademakers ti bẹ̀rẹ̀ ROOT, ètò kọ̀ǹpútà fún títo dátà àti yíyẹ̀ ẹ́ wò, ní CERN, àwọn onífíísíìsì ti ń to dátà wọn ní òpó-òpó: gbogbo àkókò wà papọ̀, gbogbo gíga àmì wà papọ̀. Ẹni tó fẹ́ gíga àmì nìkan yóò ka òpó yẹn, yóò fi ìyókù sílẹ̀. Bí a bá to ó ní ìlà-ìlà, ńṣe ló máa dà bí ẹni tó tú gbogbo apẹ̀rẹ̀ ọjà sílẹ̀ nítorí iyọ̀. Òpó tún máa ń rọrùn láti fún pọ̀, nítorí pé nọ́ńbà tó jọra wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ẹ lo ROOT tàbí ètò mìíràn tó ń to dátà ní òpó. Fáìlì CSV, tó ń to dátà ní ìlà-ìlà, kò yẹ fún irú iṣẹ́ yìí.

* * *

Ìjà RAID tún bẹ̀rẹ̀, bó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ níbi gbogbo. RAID ni ọ̀nà tí a fi ń so dísìkì púpọ̀ pọ̀ kí ikú ọ̀kan má bàa ba dátà jẹ́.

Èrò tó wọ́pọ̀ ni pé RAID 5 tó, pé bí dísìkì kan bá kú, àwọn tó kù yóò tún un kọ. Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n dísìkì ti tóbi. Láti tún dísìkì 20 TB kọ ní 200 MB ní ìṣẹ́jú-àáyá kan yóò gbà tó wákàtí 28, bí kò bá sí ẹnikẹ́ni tó ń lo sẹ́fà náà lásìkò yẹn. Ní gbogbo wákàtí wọ̀nyí, kò sí ààbò kankan, dísìkì kejì kò sì gbọdọ̀ kọsẹ̀. Àwọn dísìkì tí ẹ jọ rà lọ́jọ́ kan láti inú páálí kan náà, tí wọ́n jọ ń gbóná nínú àpótí kan náà, ó rọrùn kí wọ́n jọ rẹ̀ lásìkò kan náà. Ó kéré tán, ẹ lo RAID 6, tó lè fara da ikú dísìkì méjì, bí dísìkì bá ti ju mẹ́rin lọ.

Ẹlòmíràn ní kí a lo erasure coding bíi ti àwọn ilé ìwádìí ńlá: kí a pín fáìlì sí ọ̀nà mẹ́wàá, kí a fi ẹ̀ka ààbò méjì kún un, kí èyíkéyìí méjì lè sọnù láìsí ewu. Ìdá kan nínú márùn-ún ni àyè tí èyí ń jẹ lórí dátà gan-an, nígbà tí ẹ̀dà méjì ń jẹ odindi. Ó dára gan-an fún ẹni tó ní sẹ́fà méjìlá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó ní sẹ́fà kan, ẹ̀dà méjì ní ilé méjì tó jìnnà síra ló yẹ ẹ́. Iná lè jó ilé kan, olè lè wọ ọ́, òjò lè gba òrùlé rẹ̀ wọlé. RAID kò ní gba dátà yín lọ́wọ́ ìkankan nínú wọn.

Wàyí o, iná mànàmáná. Ohun tí ìwé láti òkè òkun kì í dúró lé lórí ni pé iná lè lọ lẹ́ẹ̀mẹta kí ilẹ̀ tó ṣú. Dísìkì àti ètò fáìlì máa ń sọ pé àwọn ti kọ nǹkan sílẹ̀ nígbà tí nǹkan náà ṣì wà nínú ìrántí onígbà díẹ̀. Bí iná bá lọ ní àárín yẹn, ohun tí ẹ rò pé ó wà nílẹ̀ kò sí nílẹ̀. Mo ti rí SSD olówó pọ́ọ́kú tó pàdánù tábìlì tó fi ń mọ ibi tí dátà wà, nítorí pé kò ní kapásítọ̀ tó lè gbé e dé èbúté nígbà tí iná lọ lójijì. Gbogbo ohun tó wà lórí rẹ̀ ló bá a lọ. Bí ẹ bá máa ra SSD, ẹ béèrè bóyá ó ní ààbò lọ́wọ́ pípàdánù iná, kí ẹ sì san owó tó bá lé lórí rẹ̀.

Ẹ ra inverter tàbí UPS tó lè bá sẹ́fà sọ̀rọ̀ láti inú wáyà USB, kí sẹ́fà lè ti fáìlì rẹ̀, kí ó sì pa ara rẹ̀ bí bátìrì bá ń lọ sísàlẹ̀. UPS tó kàn ń ké pípípí nínú yàrá tí kò sí ẹnikẹ́ni kò wúlò ní aago méjì òru.

Ní àsìkò ọyẹ́, ẹ máa nu eruku ẹnu fáànù. Eruku yẹn máa ń dì bíi aṣọ síwájú àpótí, dísìkì á sì máa gbóná láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀.

* * *

Ọ̀rọ̀ kékeré lórí dátà tó ń yí padà láìsọ. Dísìkì lè dá fáìlì padà fún yín pẹ̀lú báìtì kan tó ti yàtọ̀, kí ó má sì kéde àṣìṣe kankan. CERN yẹ èyí wò lórí àwọn sẹ́fà wọn, wọ́n sì kọ ìròyìn rẹ̀ ní 2007. Òògùn rẹ̀ kò wọ́n: ẹ ṣírò checksum (nọ́ńbà tí a ń ṣírò láti inú fáìlì, tó máa yàtọ̀ bí fáìlì bá yí padà) fún fáìlì kọ̀ọ̀kan ní ọjọ́ tí ẹ kọ ọ́, ẹ tọ́jú rẹ̀ síbòmíràn, kí ẹ sì máa tún un ṣírò lóṣooṣù láti fi wé e. EOS ń lo èyí tí wọ́n ń pè ní Adler32. Fún fáìlì díẹ̀ bíi tiyín, SHA-256, irú checksum mìíràn, kò ní dá yín dúró.

* * *

Ọ̀gá kan tó mọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì dáadáa bi mí pé kí ni mo ní lòdì sí NVMe, irú SSD tó yára gan-an. Ẹ̀gbọ́n, mi ò ní ohunkóhun lòdì sí i. NVMe tó dára ń ka nǹkan bíi 7 GB ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, 170 GB ọdún kan yóò sì wọlé láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 25. Ṣùgbọ́n ẹ ó rí i pé switch, àpótí tó ń so àwọn kọ̀ǹpútà pọ̀, tó wà nínú ọ̀pọ̀ yàrá ìwádìí wa jẹ́ ti 1 Gb, ìyẹn gígábíìtì kan ní ìṣẹ́jú-àáyá kan (bíìtì mẹ́jọ ló wà nínú báìtì kan). Ohun tó lè gba inú rẹ̀ kọjá kò ju 125 MB ní ìṣẹ́jú-àáyá kan lọ. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá jókòó sídìí kọ̀ǹpútà tirẹ̀, tó ń ka dátà láti orí sẹ́fà gba inú switch yẹn, 170 GB yóò gba ìṣẹ́jú 23, yálà NVMe ló wà lẹ́yìn tàbí háàdì dísìkì méjì. Owó NVMe ti bá omi lọ.

Ọ̀nà méjì ló wà: ẹ ra switch 10 Gb, tàbí kí ẹ jẹ́ kí ìṣirò máa ṣẹlẹ̀ lórí sẹ́fà níbi tí dátà wà, kí èsì kékeré nìkan máa gba inú nẹ́tíwọ́ọ̀kì kọjá. Èkejì ni mo fara mọ́ fún yàrá ìwádìí tí owó rẹ̀ kò pọ̀.

Ibi tí SSD ti ń gba owó rẹ̀ padà ni ìgbà tí akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún bá ń ka ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Apá háàdì dísìkì yóò máa sáré láti ọ̀dọ̀ ẹnì kan sí ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn, 200 MB yẹn yóò sì já wálẹ̀ gidigidi. SSD kò ní mọ̀ ọ́n lára.

* * *

Ẹnì kan tún béèrè bóyá a lè wa dátà CERN gan-an sọ̀kalẹ̀ sí Ìbàdàn. Bẹ́ẹ̀ ni, gbangba ló wà. Ní 2016, CMS tú dátà tó tó 300 TB sílẹ̀ fún gbogbo ayé. Ṣùgbọ́n lórí íntánẹ́ẹ̀tì 20 Mb, 300 TB yóò gbà tó ọdún mẹ́ta àti oṣù mẹ́sàn-án. Ẹ wá èyí tí wọ́n ti ṣe kékeré, NanoAOD, níbi tí ìṣẹ̀lẹ̀ kan kò ti gbà ju bíi 1 sí 2 KB lọ. Ẹ tún lè lo XRootD, tó ń jẹ́ kí ẹ ka òpó tí ẹ fẹ́ láti ọ̀nà jíjìn láìkó gbogbo fáìlì wálẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé àwa nìkan ni íntánẹ́ẹ̀tì ń dè lọ́wọ́. IceCube, tó ń fi odindi kìlómítà kan níbùú, lóròó àti nísàlẹ̀ nínú yìnyín ìpẹ̀kun Gúúsù Ayé wá èérún tí wọ́n ń pè ní neutrino, ń rán èyí tí wọ́n ti ṣà jáde nípasẹ̀ sátẹ́láìtì, nítorí àyè tí wọ́n fún wọn kéré. Ìyókù ń dúró lórí dísìkì níbẹ̀ títí ọkọ̀ òfúrufú yóò fi lè gbé e. Àwọn náà pinnu ohun tí wọ́n fẹ́ kà kíákíá àti ohun tó lè dúró.

* * *

Àbúrò mi, o ní kí n sọ ọ́ ní ṣókí, kí ẹ lè kọ ìwé ìbéèrè owó.

Háàdì dísìkì méjì tí ìkọ̀ọ̀kan jẹ́ 8 TB nínú sẹ́fà, kí ọ̀kan jẹ́ ẹ̀dà èkejì. Ìkẹta ní ilé mìíràn, kí ẹ̀dà máa lọ síbẹ̀ lóròòru. SSD 1 TB kan tó ní ààbò iná, fún 170 GB tí gbogbo yín yóò máa kà. Owó tó bá kù, UPS ni, kí ẹ má fi ra ìyára. Ọ̀gá kejì yín sún mọ́ òótọ́ jù, ẹ bá mi kí i.

Kí ẹ tó tan ẹ̀rọ muon fún iṣẹ́ gidi, ẹ kọ fáìlì ìdánwò sórí sẹ́fà fún ọ̀sẹ̀ kan, ní ìwọ̀n 1.4 MB ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, kí ẹ sì jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ márùn-ún máa kà á lọ́wọ́ kan náà. Nígbà tí ó bá ń lọ lọ́wọ́, ẹ yọ dísìkì kan. Lọ́jọ́ kejì, ẹ pa iná láti ara ògiri, kí UPS máa ṣiṣẹ́ títí bátìrì rẹ̀ yóò fi tán. Bí sẹ́fà bá padà dìde, ẹ ṣírò checksum gbogbo fáìlì. Èyí tí kò bá bára mu, ẹ mú orúkọ rẹ̀ àti àkókò tí wọ́n kọ ọ́ wá síbí, a ó jọ wò ó.